Oyè Tí Bàbá Mi Rà

Ẹni tó bá wọ pálọ̀ wa lọ́dún yẹn, ìwé kan ló máa kọ́kọ́ rí. Orí tẹlifíṣọ̀n ló wà, níbi tí fọ́tò ìgbéyàwó Daddy àti Mummy ń gbé tẹ́lẹ̀: ìwé funfun gbàgàdà kan nínú férémù aláwọ̀ wúrà, tí lẹ́tà inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn bí ìtàkùn, tí òǹtẹ̀ pupa kan sì jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ohun tí ìwé náà ń wí ni pé bàbá mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Walworth nílùú òyìnbó, ti di Lọ́ọ̀dù Wexmere. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí Daddy wà nígbà náà lọ báyìí, síbẹ̀, bí mo bá dé ilé ẹnì kan tí mo rí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, ara mi á kọ́kọ́ gbóná kí n tó rántí pé ilé wa kọ́ nìyí.

Àwọn tó mọ àdúgbò North Peckham kí wọ́n tó wó o ló máa mọ irú ilé tí mò ń sọ. Káńsù fi afárá gígùn gígùn so àwọn ilé náà mọ́ra wọn, èèyàn sì lè rìn lókè láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ariwo kì í tán níbẹ̀. Lífìtì á máa kérora bí aláìsàn, ajá á máa gbó nísàlẹ̀, àwọn ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Bí Mummy bá fẹ́ gúnyán, wọ́n á ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ odó, kí obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa má baà máa fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà rẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Daddy, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n á máa wo òjò. Wọ́n ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju “thank you” lọ, nítorí náà èmi ni ẹnu wọn lọ́dọ̀ dókítà àti lọ́jà Rye Lane. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Yorùbá mi ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà àgbàlagbà, àmọ́ Ìyá Àgbà ní kò burú, ẹni tó ń wọ́ bàtà ṣì ń lọ síbì kan.

Ọdún tó ṣáájú ni Daddy lọ sílé, sí Ìjẹ̀bú, torí oyè. Oyè ìdílé ni, wọ́n sì ní ó ti kan ojúlé tiwọn. Mo rántí bí Mummy ṣe ń ká aṣọ òfì sínú àpótí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Nígbà tí Daddy máa padà dé, wọn ò gbé àpótí náà dé mọ́, Ìyá Àgbà ni wọ́n mú dé. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹ oyè náà. Mummy ní kí n lọ fọ abọ́. Ìyá Àgbà ò gbójú kúrò lára tẹ̀sùbáà tí wọ́n fi dá mi lóhùn, “Wọ́n ti sún un síwájú.” Láti ọjọ́ yẹn, Daddy kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á ti ẹnu iṣẹ́ dé, wọ́n á jókòó pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, wọ́n á máa wo tẹlifíṣọ̀n tí a ò tíì tàn.

Ará ibi iṣẹ́ wọn kan ló júwe ọkùnrin òyìnbó kan fún wọn tó ń ta oyè. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ta oyè bí ẹni ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní ìdílé Wexmere ti run, oyè wọn wà nílẹ̀ láìní ẹni tó máa jẹ ẹ́, ẹni tó bá sì lè san owó rẹ̀ ló ni ín. Ọjọ́ tí Daddy gbé férémù yẹn wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìwé pélébé kan bá a wá, tó sọ ìtàn ìdílé náà, Daddy sì há a sórí. Bí a bá ń jẹun alẹ́, wọ́n á máa kà á fún wa bí ẹni ń kì wá: ọmọ akọni tó dúró ti ọba lójú ogun, ọmọ ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún aráàlú, ọmọ ẹni tí wọn kì í fojú di. Bàbá la ń kì o, ṣùgbọ́n bàbá onírun pupa tí a ò rí rí ni. Ní àràárọ̀, kí a tó lọ sílé ìwé, èmi á kúnlẹ̀, Táyọ̀ àbúrò mi á dọ̀bálẹ̀, a ó sì ní, “Good morning, my Lord.” Ọmọ ọdún márùn-ún ni Táyọ̀, eré ló pe tiẹ̀. Èmi, ní tèmi, orúnkún mi á ti máa ta mí kó tó kanlẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìtìjú yẹn fún ẹni tí kò bá a gbé. Daddy wá sílé ìwé wa nígbà tí wọ́n pe àwọn òbí, wọ́n na ọwọ́ sí tíṣà mi, wọ́n ní, “Lord Wexmere.” Tíṣà náà rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ọmọ kíláàsì mi kan wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti ń fa etí yẹ̀rì wọn sókè fún mi ní ibùdókọ̀, wọ́n ń tẹ orúnkún, wọ́n ń pè mí ní Lady Peckham. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, bí olùkéde bá ti dárúkọ “our own Lord,” Daddy á dìde, wọ́n á tún kóòtù wọn ṣe, àwọn èèyàn á sì pàtẹ́wọ́. Mo máa ń wo àwọn ìyá tó ń pàtẹ́wọ́ yẹn. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ tán, wọ́n á wo ara wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní, èmi sì mọ ojú kà. Mummy rí i bí mo ṣe rí i. Wọ́n á kàn máa kọrin sínú.

Iṣẹ́ Mummy ni kí wọ́n máa tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Miss Cecily, tó ń dá gbé nínú ilé tóóró kan ní Nunhead. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, wọn ò lọ́kọ, wọn ò bímọ. Mummy fẹ́ràn wọn, torí wọ́n máa ń bèèrè Ìyá Àgbà. “Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé òtútù ò mú wọn jù?” Àwọn tó kù ò tilẹ̀ mọ̀ pé Mummy ní ilé tó ń lọ lálẹ́. Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n pe obìnrin náà wá jẹun lọ́sàn-án Sátidé, kò dáa kí ẹni tó ń béèrè ẹni má mọ ilé ẹni. Daddy gbà. Wọ́n ní ó yẹ kí ìyá òyìnbó náà mọ irú ilé tí ẹni tó ń wẹ̀ òun ti ń wá. Mummy gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì ń bá orin wọn lọ.

Ìkọ́kọrẹ́ la sè. Èmi ni mo rin ewùrà náà láti àárọ̀, tí ọwọ́ mi ń yún mi, tí Ìyá Àgbà ń fi epo pa á fún mi, tí wọ́n ń sọ pé ọwọ́ tí kò bá yún kì í jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó dùn. Ẹja gbígbẹ ń ta sánsán dé ẹnu ọ̀nà lífìtì. Lífìtì náà ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Daddy wọ kóòtù, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ fa Miss Cecily lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń sinmi lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe wọlé báyìí ni Táyọ̀ na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja. “Welcome, my Lord!” Miss Cecily rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ yìí mà mọ eré ṣe o.

“Kì í ṣe eré, madam,” ni Daddy wí, wọ́n sì nawọ́ sí férémù.

Miss Cecily sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kà á. Wọ́n yọ gíláàsì wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́, wọ́n tún kà á. Mò ń retí ẹ̀rín tíṣà mi yẹn lójú wọn. Kò wá. Wọ́n kàn wá ibi jókòó bí ẹni tí àtẹ̀gùn ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. A gbé oúnjẹ kalẹ̀. Daddy, tí inú wọn ń dùn pé òyìnbó tòótọ́ kan wà tó lè mọ iyì ọ̀rọ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ ìtàn: akọni tó dúró ti ọba, ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ pátá, títí dórí ẹni tó kú láìní àrólé. Miss Cecily gbọ́ ọ dé ìparí. Wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé síbí sílẹ̀.

“Ẹni tó kú láìní àrólé yẹn,” wọ́n ní, “àbúrò mi ni. Lọ́ọ̀dù Wexmere ni bàbá tó bí mi. Oyè náà ò sì run. Ìbátan wa kan ló ń jẹ ẹ́ ní Ọsirélíà. Ẹni tó tà á fún ọ, kò ní nǹkan kan tó lè tà.”

“Ha! Mama!” Mummy ti dìde. “Gbogbo ìgbà tí mo ti ń wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ò sọ fún mi rí.”

“Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.”

Wọ́n ṣàlàyé pé orúkọ oyè yàtọ̀ sí orúkọ ìdílé nílẹ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tí Mummy lè fi mọ̀. Miss Cecily ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n, oyè náà fò wọ́n kọjá. Bó bá ṣe pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà mọ nìyẹn, bóyá à bá ti rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Daddy ti kúrò lórí àga. Wọ́n ti ń na ara wọn sílẹ̀ lórí rọ́bà ilẹ̀ tí èmi fúnra mi nù láàárọ̀, pẹ̀lú kóòtù, pẹ̀lú táì. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ́kù.” Bàbá mi nìyẹn nílẹ̀, àtàrí wọn tó ti ń pá ń dán lábẹ́ iná. Mo gbójú lé abọ́ mi. Mo rò pé ìtìjú mi ti débi tó lè dé.

“Dìde,” ni Miss Cecily wí. “Jọ̀ọ́, dìde. Nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé, ìwọ ni kò yẹ kó o dọ̀bálẹ̀ fún orúkọ yẹn.”

Wọ́n wá sọ ìtàn tí kò sí nínú ìwé pélébé. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ Lọ́ọ̀dù Wexmere, kò jagun rí. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ sí etí òkun ilẹ̀ wa, wọ́n ń kó èèyàn, wọ́n ń gbé wọn lọ sí erékùṣù tí ìrèké wà. Owó ibẹ̀ ló fi ran ọba lọ́wọ́ nígbà tí ọba ń jagun, ọba sì fi oyè san án fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, owó kan náà ló kọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́. Ọ̀kan ta tẹ́tẹ́, ọ̀kan kú sómi, ọ̀kan gbin òdòdó títí tó fi kú, oyè náà sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Miss Cecily dárúkọ wọn tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni ń ka kátíkísìmù. Ìgbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́ ni wọ́n rí àwòrán ọkọ̀ náà nínú yàrá bàbá wọn, wọ́n bi í pé ẹrù wo ló ń kó. Bàbá wọn sọ fún wọn láìgbójú sókè nínú ìwé ìròyìn tó ń kà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni bàbá wọn ń ṣe, wọ́n á ní àgbẹ̀ ni.

“Kí ló ń wí?” Ìyá Àgbà bi mí.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pe àwọn tí ọkọ̀ náà ń kó. Ẹyọ kan péré ni mo mọ̀, láti inú Bíbélì. Mo ní, “Ó ní ẹrú ni wọ́n ń kó, Màmá. Ó ní owó ẹrú ni wọ́n fi ra oyè náà.”

Mummy dúró bí wọ́n ṣe wà, pẹ̀lú jọ́ọ̀gì omi lọ́wọ́. Ìyá Àgbà wo Daddy títí, wọ́n mi orí.

“Báyọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lé ọ kúrò nílé, òun náà lo tún wá fowó rà níbí.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Wọ́n ní ọmọ ẹrú kì í joyè nínú ilé àwọn. Ojú àgbàlá, lójú gbogbo ìyàwó ilé, ni wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n ní ta ló mọ ibi tí ìyá bàbá ẹ ti wá. Lo bá kó mi wá síbí kí n má baà máa gbọ́ ọ. Mo ti ń gbọ́ ọ kí n tó bí ẹ!” Wọ́n yíjú sí mi. “Túmọ̀ ẹ̀ fún un.”

“Mọ́rẹ̀nikẹ́, má túmọ̀ ẹ̀,” ni Daddy wí.

“Túmọ̀ ẹ̀. Àlejò ti tú tiẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa, kò dáa ká jókòó lé tiwa. Sọ fún un pé ọkọ̀ àwọn bàbá ẹ̀ ò dá wọ inú ìgbó wá kó èèyàn. Ẹnì kan ló ń kó wọn lọ bá a létí òkun. Sọ fún un pé nígbà tí ọkọ̀ ò wá mọ́, àwọn ará ilé wa ò jáwọ́, wọ́n ń rà fún oko ara wọn. Sọ fún un pé ìyá ọkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n rà.”

Ọ̀rọ̀ àgbà méjì ló dojú kọ mí, mo sì tẹ̀ lé ti ẹni tó dàgbà jù. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ohùn Peckham mi. Mo ní ìyá bàbá Daddy jẹ́ ẹrú, àwọn ará ilé wa ló sì rà á. Etí ara mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí Miss Cecily tó gbọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń mọ̀ ọ́n. Ìtìjú tí mo ti ń gbé kiri lọ́dún yẹn, ti Lady Peckham, ti olùkéde ṣọ́ọ̀ṣì, kàn rọ bí aṣọ tó bọ́ sílẹ̀, mo sì rí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí kò ṣeé bọ́. Mi ò mọ ìtìjú tí ó yẹ kí n máa gbé: ti obìnrin tí wọ́n rà ni, tàbí ti àwọn tó rà á. Ọmọ àwọn méjèèjì ni mí. Títí dòní, mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìyá Àgbà tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti wálẹ̀. “Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀.” Mo gbìyànjú láti túmọ̀ ìyẹn náà, ẹnu mi ò ká a. Miss Cecily ní kí n má ṣe ìyọnu, àwọn rò pé ó ti yé àwọn. Wọ́n na ọwọ́ wọn tó kún fún iṣan sórí tábìlì, sí apá ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà wo ọwọ́ náà. Wọn ò dì í mú. Wọ́n gbé abọ́ ẹja sún mọ́ ọn, wọ́n ní, “Sọ fún un kó jẹun, kò tíì jẹ nǹkan kan.”

Daddy ti jáde sórí afárá. Láti ojú fèrèsé mo rí ẹ̀yìn kóòtù wọn nínú òjò wínníwínní, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń yà fún wọn. Mummy bu ìkọ́kọrẹ́ tó kù sínú ike fún Miss Cecily bí ẹni pé ọjọ́ Sátidé lásán ni. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, Daddy wọlé, wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni, wọ́n fa ìyá náà lọ́wọ́, wọ́n sì bá wọn wọ bọ́ọ̀sì dé Nunhead. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lọ́nà, n ò mọ̀ ọ́n, n kò sì bi wọ́n.

Ó máa ń wù mí kí n lè sọ pé Daddy sọ ìwé náà kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọn ò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, a sì ń wo tẹlifíṣọ̀n lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń jókòó sábẹ́ igi tó fẹ́ wó. A kàn ṣíwọ́ kíkí ti àárọ̀ ni. Táyọ̀ dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, “Good morning, my Lord,” Daddy gbé e dìde, wọ́n ní, “Ẹ káàárọ̀, sà, ni kó o máa sọ.” Ní ṣọ́ọ̀ṣì, olùkéde pè wọ́n bó ṣe ń pè wọ́n, wọn ò dìde. Ó tún pè wọ́n. Gbogbo orí yí padà. Daddy jókòó, wọ́n di Bíbélì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, òógùn ń sàn lẹ́bàá etí wọn nínú òtútù, mo sì jókòó tì wọ́n. Nígbà tí mo wá padà láti ilé ìwé ní ọjọ́ kan, mi ò rí férémù náà mọ́. Mummy ni wọ́n gbé e kúrò. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n gbé e sí.

Ọ̀sán kan nígbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀, tí Daddy ò lọ síbi iṣẹ́, Ìyá Àgbà jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Èmi náà ń bá wọn ṣa á. Daddy wọlé, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wá. Mi ò rí i kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí.

“Màmá,” wọ́n ní, “kí lorúkọ wọn?”

“Orúkọ ta ni?”

“Ìyá bàbá mi.”

Ìyá Àgbà ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. “Ìyá Ẹ̀yìnkùlé là ń pè wọ́n, torí ẹ̀yìnkùlé ni yàrá wọn wà.”

“Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n nílé wọn ni mò ń bèèrè.”

“Ìyàwó ni mí, Báyọ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ ẹ̀, ṣé ó wá máa bi í ni? Àwọn tó lè bi í, kò sẹ́ni tó bi í. Wọ́n ní òkè Ọya ni wọ́n ti kó wọn wá, nígbà tí wọn ò tíì ga tó Mọ́rẹ̀nikẹ́ yìí. Àwọn ló wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí mo bí ẹ. Wọ́n wo ojú ẹ títí, wọ́n rẹ́rìn-ín. O ò tíì máa rìn nígbà tí wọ́n kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kú, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, léraléra, wọ́n sì ń fọwọ́ gbá àyà wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.”

“Ọ̀rọ̀ wo ni, Màmá?”

Ìyá Àgbà fi ẹ̀wà ọwọ́ wọn sílẹ̀.

“Mi ò fetí sí i,” wọ́n ní. “Mo rò pé wọ́n ń ṣèrànrán ni.”

Daddy fa àtẹ náà sún mọ́ ara wọn, wọ́n tẹrí ba sórí rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.